Kí n tó bu ọwọ́ lu fọ́ọ̀mù ọmọ mi

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí fọ́ọ̀mù kan ti wà lórí fíríìjì wa. Fọ́ọ̀mù ilé ìwé àwọn ológun ni, Nigerian Military School tó wà ní Zaria. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méjìlá, ló jókòó tó kọ gbogbo ohun tó kàn án síbẹ̀: orúkọ, ọjọ́ ìbí, ìjọba ìbílẹ̀, ilé ìwé tó ń lọ. Lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà ló fi kọ ọ́ kó má baà sí àṣìṣe. Ibì kan ṣoṣo ló kù, ibi tí òbí máa bu ọwọ́ lù. Dádì ẹ̀ wò ó, ó tì í sọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Ṣebí ìwọ lo ka òfin. Kà á dáadáa kóo fọwọ́ sí i."

Mo ti kà á. Mo kà á bíi pé oníbàárà ló gbé e wá. Mi ò tíì fọwọ́ sí i.

Tí ẹ bá mọ Ìpájà, ẹ ò ní bi mí pé níbo lọmọ ti rí irú èrò báyìí. Bọ́ọ̀sì-tọ́ọ̀bù kan wà ládùúgbò wa tó ń jẹ́ Command, nítorí Command Secondary School tó jẹ́ ti àwọn ológun. Láàárọ̀ kùtù ni kọ̀ńdọ́ á ti máa pariwo "Command wọlé!" Gowon Estate náà ò jìnnà sí wa, orúkọ ọ̀gágun tó ṣe olórí orílẹ̀-èdè yìí nígbà ogun abẹ́lé ló sì ń jẹ́. Ọmọ tó bá dàgbà níbí á ti gbọ́ orúkọ ológun kó tó mọ ohun tí ológun ń ṣe.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ bọ́ọ̀sì-tọ́ọ̀bù ló gbé ọ̀rọ̀ yìí sí ọmọ mi lórí. Bọ̀dá Sójà ni. Bí gbogbo ọmọ àdúgbò ṣe ń pè é nìyẹn. Àkọ́bí Màmá onígàrí ni, ìyẹn ìyá tó ń ta gàrí àti ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà ilé kejì sí tiwa. Nígbà tó parí ẹ̀kọ́ ní Depot Nigerian Army ní Zaria, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ sójà, ó wálé wá sinmi. Bàtà ẹ̀ ń dán bíi jígí. Ó to àwọn ọmọ kéékèèké sórí ìlà ní òpópónà wa, ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń yan àti bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá. Èyí tèmi ló máa ń wà níwájú. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé Bọ̀dá Sójà lọ sí Borno. Ó wálé lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìpè fóònù ló wá.

Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, mi ò sì ní sọ ọjọ́ náà, torí ọ̀rọ̀ ilé onílé ni. Ìwọ̀nba tí Màmá fún mi láyè láti sọ ni màá sọ. Ẹni tó pè é sọ fún un pé ọmọ ẹ̀ ti pàdánù ẹ̀mí ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Gbólóhùn kan péré. Màmá béèrè pé iṣẹ́ wo? Níbo? Ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ̀? Ẹni náà ní kó ṣe sùúrù, pé wọ́n máa tún pè é. Nígbà tó yá, wọ́n pè é lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìwé àti owó ni wọ́n bá a sọ.

Èmi ni mo tẹ̀ lé e kiri, torí èmi ni lọ́yà tó sún mọ́ ọn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kíkọ ni mo fi ń jẹun, kì í ṣe kóòtù. A kọ ìwé, a búra, a ya fọ́tò pélébé, a tò sórí ìlà. Ká sòótọ́, owó náà jáde. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó jáde. Lọ́jọ́ tí áláàtì báńkì wọlé, Màmá gbé fóònù ẹ̀ fún mi pé kí n bá òun kà á. Mo kà á fún un. Ó ní, "Ó tán?" Mo ní, "Ó tán, mà." Ó wò mí lójú, ó ní, "Wọn ò kọ ohun tó pa á síbẹ̀?"

Mi ò rí èsì fún un. Èmi tí mo ka òfin fún ọdún márùn-ún, tí mo tún lọ sí Law School.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbéèrè Màmá ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ọmọ mi. Mi ò bá ilé ìwé yẹn jà o. Fọ́ọ̀mù ilé ìwé ni, ohun tó yẹ kí fọ́ọ̀mù ilé ìwé béèrè ló béèrè. Ṣùgbọ́n mo mọ ọ̀nà tó lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ní gbogbo ọ̀nà yẹn, láti ọmọ ọdún méjìlá títí dé ọjọ́ tó máa gbé ìbọn, òbí á máa fọwọ́ sí ìwé, ọmọ á máa fọwọ́ sí ìwé. Ibo ni orílẹ̀-èdè ti ń fọwọ́ sí ìwé fún òbí pé, bí nǹkan bá ṣe ọmọ yín, a máa wá sọ fún yín ohun tó ṣe é?

Àwọn kan ládùúgbò ní kí Màmá má wádìí mọ́. Wọ́n ní òbí kì í mọ sàréè ọmọ ẹ̀, pé kí ìyá má fi ẹnu wá ohun tí ojú ẹ̀ ò gbọdọ̀ rí. Òótọ́ ni, àṣà wa ò jẹ́ kí òbí tẹ̀ lé òkú ọmọ lọ síbi ibojì. Màmá náà ò lọ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó fi àṣà yẹn lélẹ̀ ló tún pa á lówe pé ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù lọ. Kí ló mú kí ikú yá ju ìnù? Ẹni tọ́mọ ẹ̀ kú mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó lè sunkún, kí wọ́n bá a kẹ́dùn, kó sì dìde lọ́jọ́ kan. Ẹni tọ́mọ ẹ̀ nù ò mọ nǹkan kan, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kanlẹ̀kùn ni àyà ẹ̀ á máa já. Tí ẹ bá sọ fún ìyá pé ọmọ ẹ̀ kú, tẹ́ ò sọ bó ṣe kú, ikú àti ìnù lẹ jọ gbé lé e lórí yẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1942, ọmọ ọdún 16 kan láti Èmùrè-Ilé, nítòsí Ọ̀wọ̀, lọ wọṣẹ́ sójà láì bi òbí ẹ̀. Isaac Fadoyebo lorúkọ ẹ̀. Ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́, Gẹ̀ẹ́sì sì ń kó àwọn ọmọ ilẹ̀ wa lọ bá Japan jà ní Burma. Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Japan ya lu ikọ̀ tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́, èyí tí Fadoyebo wà nínú ẹ̀, ní àfonífojì odò Kaladan. Wọ́n pa ọ̀pọ̀ lára wọn. Ìbọn ba Fadoyebo débi tí kò lè rìn. Àwọn ará abúlé ibẹ̀ ló fi òun àti ọmọ Sierra Leone kan pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, kí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó padà débẹ̀.

Ẹ fojú inú wo ilé wọn ní Èmùrè-Ilé láàrin oṣù mẹ́sàn-án yẹn. Ọmọ tí ò bi yín kó tó lọ, ẹ ò mọ̀ bóyá ó wà láyé, àwọn tó mú un lọ gan-an ò mọ̀. Orí bá Fadoyebo ṣe é, ó padà wálé láàyè. Ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó kọ ìtàn ara ẹ̀ sínú ìwé, ó sì dàgbà kó tó kú lọ́dún 2012. Àwọn tí ò padà wá ńkọ́? Ta ló rìn dé abúlé òbí wọn láti sọ bó ṣe jẹ́?

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́lé. Láti ọ̀dọ̀ wa ní Ìpájà, téèyàn bá gba Ẹgbẹ́dá àti Ìkòtún, Èjìgbò ló kàn. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1992, ọjọ́ Sátidé, bàálù C-130 àwọn ológun gbéra ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ tó fi já sínú àbàtà ní Èjìgbò. Àwọn tó wà nínú ẹ̀ lé ní 150, kò sì sẹ́ni tó yè é. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ Major àti àwọn ẹgbẹ́ wọn nínú ọmọ ogun orí ilẹ̀, ti ojú omi àti ti òfurufú, tí wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní Jaji. Àwọn ọ́físà láti Ghana àti orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà wà lára wọn. Ẹ kíyè sí i o, kì í ṣe ojú ogun ni wọ́n ń lọ. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kọ́.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nígbà náà, Ìkòtún là ń gbé. Mi ò rí bàálù yẹn, mi ò sì ní purọ́ pé mo gbọ́ ariwo ẹ̀. Ohun tí mo rántí ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ẹ̀, tá a bá wà nínú dánfó tó ń gba Èjìgbò kọjá, ìyá mi á dákẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń sọ, á fọwọ́ kan orí mi. Mo rò pé àdúrà ìrìn àjò ni. Ìgbà tí èmi náà bímọ ni mo tó mọ̀ pé àwọn ìyá yòókù ló ń rò. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí. Wọ́n sìnkú, wọ́n kẹ́dùn, wọ́n ṣèlérí. Àmọ́ ìròyìn ìwádìí tí ẹbí lè ṣí kà, kí wọ́n rí i pé ohun báyìí ló já bàálù yẹn, kò jáde sí gbangba.

Bóyá ẹnì kan á sọ pé bí ikú ológun ṣe ń rí nìyẹn, pé kò sẹ́ni tí wọ́n ń ṣàlàyé fún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, Lieutenant Colonel Muhammad Abu Ali, ọ̀gá àwọn ọmọ ogun tó ń wa táńkì ìjà, kú ní Mallam Fatori ní ìpínlẹ̀ Borno. Bàbá ẹ̀ fúnra ẹ̀ ti jẹ́ ọ̀gágun, ó sì ti ṣe gómìnà ológun ní Bauchi. Kò sẹ́ni tí ò kẹ́dùn pẹ̀lú bàbá yẹn, torí ipò kì í dín ikú ọmọ kù. Ṣùgbọ́n gbogbo Nàìjíríà ló mọ ibi tí ọmọ ẹ̀ kú sí, ọjọ́ tó kú àti ohun tó ń ṣe lọ́wọ́. A mọ orúkọ ẹ̀ títí dòní. Àwọn sójà mìíràn kú pẹ̀lú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mélòó nínú wa ló lè dárúkọ ẹyọ kan nínú wọn? Mi ò ní kí wọ́n gbà lára ọlá ọmọ ọ̀gágun. Mo ní kí wọ́n bu díẹ̀ fún ọmọ onígàrí.

Ẹ tún wo ti Okuama ní ìpínlẹ̀ Delta. Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wọ́n pa ọmọ ogun 17 níbẹ̀, ọ́físà mẹ́rin àti sójà mẹ́tàlá. Lọ́jọ́ 27 oṣù yẹn náà ni wọ́n sin wọ́n sí ibojì àwọn ológun ní Àbújá, Ààrẹ Tinubu sì wà níbẹ̀. Ó ṣèlérí ilé fún ẹbí kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé yunifásítì fún àwọn ọmọ wọn, títí kan èyí tó ṣì wà nínú oyún, ó sì ní kí wọ́n san gbogbo ẹ̀tọ́ wọn láàrin 90 ọjọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ó fi hàn pé tí orílẹ̀-èdè bá fẹ́ fi ọjọ́ sí nǹkan, ó lè ṣe é. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà wà ní Àbújá lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ tó kú lóun nìkan lórí ọ̀nà kan ní Borno, tí ìròyìn ẹ̀ ò ju ìlà méjì lọ, ta ló ń fi ọjọ́ sí tirẹ̀?

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ohun kan pa wá lẹ́rìn-ín nínú kíláàsì òfin ìhágún. Tí èmi àtẹ̀yin bá fẹ́ pín ohun ìní wa fún ẹni tó máa jogún wa, a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, ká fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí méjì. Ṣùgbọ́n òfin ìhágún ti ọdún 1837 tá a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì yọ sójà tó wà lójú ogun sílẹ̀. Òun lè fi ẹnu sọ ọ́ lásán. Ó lè sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ nínú kòtò pé "kí wọ́n fún ìyá mi ní gbogbo ohun tí mo ní," òfin á sì gbà á. A rẹ́rìn-ín nítorí ó dà bí eré. Ní báyìí tí mo bá rántí ẹ̀, ẹ̀rín ò wá mọ́. Òfin ti ronú pé ọmọ yìí lè kú kó tó rí bírò. Ó ti ronú nípa àpótí ẹ̀, owó ẹ̀, àti ẹni tó máa gbà á. Kò ronú nípa ìyá tó máa béèrè pé kí ló pa á.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ á sọ pé, "Freedom of Information ńkọ́?" Òótọ́ ni. Òfin yẹn jáde lọ́dún 2011, ó sì fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ méje láti dáhùn. Àmọ́ abala kọkànlá ẹ̀ sọ pé wọ́n lè kọ̀ láti dáhùn tí ìdáhùn bá máa pa ààbò orílẹ̀-èdè lára. Mi ò ta ko ìyẹn. Ogun ní àṣírí, ọmọ táwọn kan bí ṣì wà níbẹ̀ lónìí, mi ò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi pa á. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó. Tí wọ́n bá sọ fún Màmá pé, "Ọkọ̀ tó wà nínú ẹ̀ gun bọ́m̀bù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Àárọ̀ ni. Kò pẹ́ kó tó kú. Kò dá wà, ẹnì kejì ẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹ̀," àṣírí wo nìyẹn? Àwọn tó ri bọ́m̀bù mọ́lẹ̀ mọ̀ pé àwọn rì í. Ìyá nìkan ni ò mọ̀.

Àwọn òbí níbòmíràn ti jà fún irú nǹkan yìí. Ní ibùdó Deepcut ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀dọ́ ọmọ ogun mẹ́rin kú láàrin ọdún 1995 sí 2002. Ìbọn ló pa wọ́n, inú bárékè tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ ni. Àwọn ológun ní ṣe ni wọ́n yìnbọn fún ara wọn. Àwọn òbí ò gbà kó parí síbẹ̀. Wọ́n pariwo, wọ́n lọ sí kóòtù, ó gbà wọ́n ju ọdún mẹ́wàá lọ kí wọ́n tó rí ìwádìí ikú tuntun gbà fún mẹ́ta nínú àwọn ọmọ náà. Ìwádìí yẹn parí ní ọdún 2016, 2018 àti 2019. Àwọn adájọ́ tó ṣe é ṣì sọ pé àwọn ọmọ náà ló yìnbọn fún ara wọn. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn tó yẹ kó máa mójú tó ọ̀dọ́ wọ̀nyẹn ò tó, àti pé wọ́n fìyà jẹ lára wọn. Èsì tó dun òbí ni. Èsì náà ni.

Ohun tí mò ń béèrè ò pọ̀. Kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Àbújá sọ ọ́ di òfin pé, tí ọmọ ogun bá kú, ẹbí ẹ̀ gbọ́dọ̀ rí àlàyé gbà ní kíkọ láàrin 90 ọjọ́ tí Ààrẹ dá fún ti Okuama: ọjọ́, ibi, ohun tó ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ọ̀gá tó fọwọ́ sí i. Kí wọ́n bo ibi tó bá jẹ́ àṣírí, kí wọ́n sì sọ pé àwọn bò ó. Kí èèyàn gbé e wá sílé, ẹni tó gbọ́ èdè ìyá yẹn, kó jókòó, kó dáhùn ìbéèrè. Tó bá sì jẹ́ ẹnu ẹ̀kọ́ ni ọmọ náà kú sí, kí ẹni tí kì í ṣe ológun wádìí ikú ẹ̀. Lọ́jọ́ 15 oṣù Kìíní ọdọọdún, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí lọ́dún 1970, à ń gbé òdòdó kalẹ̀, à ń tú ẹyẹlé sílẹ̀ fún àwọn tó kú. Kí ẹyẹlé máa fò. Kí lẹ́tà náà máa dé ilé.

Ọkọ mi ní mò ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, pé ọmọ ọdún méjìlá là ń sọ, kì í ṣe sójà. Kò parọ́. Abala 34 nínú òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 sọ ọ́ gbangba pé wọn ò gbọdọ̀ gba ọmọdé sínú iṣẹ́ ológun. Ilé ìwé ni ti Zaria yìí, ó ti wà láti ọdún 1954, ọ̀pọ̀ èèyàn pàtàkì ló sì jáde níbẹ̀. Ọkọ mi tún ní kí n wo àwọn ọmọkùnrin tó ń jókòó sí kọ̀rọ̀ àdúgbò wa ní ọ̀sán gangan, kí n sọ ibi tó sàn jù fún un. Ìyẹn náà, mi ò rí i dá lóhùn.

Mo wá bi ọmọ fúnra ẹ̀. Mo ní, "Ṣé o rántí Bọ̀dá Sójà?" Ó ní, "Òun ló jẹ́ kí n fẹ́ lọ, Mọ́mì." Mo ní ṣé ó mọ̀ pé ó kú? Ó wò mí bíi pé mo bú u. Ó ní, "Mo mọ̀ ná. Ṣebí èmi náà sunkún."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kọjá agbára mi, mo lọ bá Màmá. Ohun tí mi ò tíì sọ fún yín ni pé ọmọkùnrin kejì tí Màmá bí wà ní Depot ní Zaria bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ibi tí wọ́n ti kọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ níṣẹ́ náà ni. Gbogbo àdúgbò ló bá Màmá wí. Èmi náà bá a wí nínú ọkàn mi. Mo jókòó sórí àga oníbàárà ẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ dákun, báwo lẹ ṣe gbà?"

Ó ń fi ìgò wọn gàrí lọ́wọ́. Ó ní, "Lọ́yà, ta ló ní mo gbà? Ó ti pé ọmọ ogún ọdún. Ó ní òun fẹ́ lọ, mo ní kó má lọ, ó kúnlẹ̀, ó sunkún, èmi náà sunkún. Tí mo bá tì í mọ́lé, ṣé màá tún máa ṣọ́ ọ lójú oorun? Mo ṣàdúrà fún un. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ní bi àlejò léèrè ọmọ mi mọ́."

Ló bá na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, ó fa ìwé èsáìsì kan yọ, irú èyí tí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń lò. Ọwọ́ tirẹ̀ ló fi kọ ọ́. Nọ́ńbà iṣẹ́ ọmọ ẹ̀ wà níbẹ̀. Orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n jọ wọlé lọ́jọ́ kan náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìlú wọn àti nọ́ńbà fóònù ìyá wọn. Ìyá kan wà ní Ìlọrin, ọ̀kan ní Ọ̀ṣogbo, ọ̀kan ní Makurdi tí wọn ò gbọ́ èdè ara wọn, àmọ́ tí wọ́n ń kí ara wọn lórí WhatsApp láràárọ̀. Ó ní tí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ yẹn, àwọn ìyá mélòó kan á ti mọ ẹni tí wọ́n máa pè.

Ohun tí òfin ò ṣe ni Màmá ń fi bírò ṣe yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ nínú iṣẹ́ ológun, ẹ ṣe irú ẹ̀ lónìí. Ẹ mọ nọ́ńbà iṣẹ́ ẹ̀, ẹ mọ ikọ̀ tó wà, ẹ mọ orúkọ ẹni méjì tó wà nítòsí ẹ̀. Ẹ bi í pé orúkọ ta ló kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìbátan ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bi aṣòfin yín pé kí ló dé tó fi jẹ́ ìwé èsáìsì là ń lò fún irú iṣẹ́ yìí.

Fọ́ọ̀mù ọmọ mi ṣì wà lórí fíríìjì. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Mi ò tíì mọ èwo ni màá sọ.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo wà lọ́dọ̀ Màmá nígbà tí ìpè wọlé láti Zaria. Fóònù ẹlòmíràn ni ọmọ náà fi pè, kò sì ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ó kí ìyá ẹ̀, ó ní ara òun le, ó ní oúnjẹ wà, pé wọ́n ti gbé òun kúrò ní yàrá tí òun wà tẹ́lẹ̀. Màmá ní, "Ta lẹ jọ wà ní yàrá tuntun?" Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí dárúkọ. Màmá ní kó dúró ná, kó dúró, òun ń wá bírò.